Òkun Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Orin

Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìlú etíkun Tomariura nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lórí òkè. Kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá. Ará ìlú ńlá lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kó pè é ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n kí ó tó dúró, wọ́n kọ́kọ́ gé orí òkè kan, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ wá sí ibi tí ìlú àtijọ́ wà, wọ́n sì tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ó fi ga ju òrùlé àwọn ilé tí omi gbé lọ. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ilé gbígbé ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn mìíràn ní ọjà ni. Àwọn arúgbó obìnrin tí wọ́n ń gbé nínú àwọn ilé pẹlẹbẹ tí ìjọba kọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sọ pé ibi tí àwọn yóò ti máa jókòó pọ̀, kí àwọn jọ máa gbọ́ nǹkan kan náà, ni àwọn ń fẹ́, nítorí pé ẹni tó bá ń dá jẹun fún ìgbà pípẹ́ láàárín ògiri tín-ín-rín yóò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wọn ló borí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò dúró rí i. Igi kédárì tí iyọ̀ òkun pa lẹ́sẹ̀ òkè ni wọ́n là tí wọ́n fi ṣe pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, bí èèyàn bá sì bọ́ bàtà rìn lórí rẹ̀, òórùn igi náà ṣì ń jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, obìnrin kan jókòó sórí pákó yẹn, koto rẹ̀, ohun èlò orin olókùn gígùn, nà gbalaja níwájú rẹ̀, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá wà ní títò. Kanae ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé Orihara ní Kyoto, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní koto láti ìran dé ìran. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ jókòó sí, ọ̀gá ilé náà, ẹni tí kò fẹ́ kó fẹ́ ọkùnrin tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìta pèpéle pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́. Kanae kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ti ní sùúrù títí irun funfun fi yọ létí rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá sùúrù náà ni yóò gbé e délé, tàbí òun ni yóò jí ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ìgbì òkun ńlá tó gbé ìlú náà lọ ló kọ́kọ́ wá sí Tomariura. Àwọn olórin díẹ̀ ló kóra jọ láti wá ṣeré fún àwọn tí omi lé kúrò nílé: òun pẹ̀lú koto rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fọn fèrè oparun, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta gìtá tó sì ń kọ orin òde òní. Nínú bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń gun òkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún àwọn orin wọn yẹ̀ wò. Èyí tó bá dárúkọ òkun, wọ́n yọ ọ́. Èyí tó bá dárúkọ ìgbì, wọ́n yọ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi, etíkun, ẹyẹ òkun, gbogbo rẹ̀ lọ. Ọlọ́gìtá yọ orin ọmọdé kan kúrò nítorí pé alákàn wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn; bí wọ́n ṣe tọ́ wọn ni, pé ẹni tó bá mọ ìwà hù kì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ bàtà òun kan egbò ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé Kanae yọ *Òkun Àárọ̀* pẹ̀lú, orin tí bàbá ńlá bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀, tí ilé Orihara fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré wọn.

Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé ni wọ́n ti ṣeré náà. Àwọn èèyàn jókòó sórí ibùsùn wọn, wọ́n gbọ́ orin òṣùpá, wọ́n gbọ́ orin yìnyín, wọ́n gbọ́ orin òdòdó tó ń já bọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ dáadáa. Wọ́n tẹríba, wọ́n dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n parí, ọkùnrin kan wá bá wọn gbé ẹrù. Oòrùn ti sun etí rẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ bàtà méjèèjì tó wọ̀ kò bára mu. Ó gbé koto Kanae sáyà bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.

"Olùkọ́," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ kò ní orin òkun ni?"

Ojú ti Kanae, kò sì mọ ìdí rẹ̀. "A ní in. A kò fẹ́ dá kún ìbànújẹ́ yín ni."

"Ẹ ṣeun." Ó rọra gbé koto náà kalẹ̀. "Àwọn tó wá ṣáájú yín kọrin òṣùpá. Àwọn tó ṣáájú wọn kọrin yìnyín. Àwọn ọmọ yunifásítì kan wá, òdòdó ni tiwọn. Gbogbo yín ń rìn wá sí etí òkun, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ká gbọ́ òkun."

"Ẹ má bínú sí wa."

"Mi ò bínú, mà. Ó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn bá kú nílé ẹni, tí àlejò sì ń bẹ̀rù láti dárúkọ rẹ̀. Tó bá yá, á dà bíi pé onítọ̀hún kò gbé ayé rí."

Obìnrin arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bó ọsàn, ló dá sí i. "Kohei, gbé ẹrù. Wọn ò ní kí o wá wàásù."

"Mò ń gbé e, Ìyá Hatsue."

"Ẹ má dá a lóhùn, ọmọ mi," ni arúgbó náà wí fún Kanae. "Àwọn tí kò níyàwó ni ọ̀rọ̀ máa ń kún ẹnu wọn báyìí. Ilé ìwẹ̀ gbogbo ìlú ni mo ní kí omi tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ká ní ó ṣì wà ni, ǹ bá ti sọ ọ́ sínú omi gbígbóná kó lọ dákẹ́ níbẹ̀."

Kanae kúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó tú aṣọ ara koto rẹ̀. Ó to àwọn afárá kéékèèké tó gbé okùn ró, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta *Òkun Àárọ̀*. Ìyá Hatsue dáwọ́ ọsàn dúró. Àwọn èèyàn ń jáde wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ògiri tì. Nígbà tí orin náà dé ibi tó yẹ kí fèrè gbà á, Kanae fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lásán, torí pé afọnfèrè wọn ti wọ bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fèrè kan ti dún wọ inú àyè náà. Kì í ṣe ohùn tí ilé Orihara mọ̀. Fèrè ijó ọdún ni, èyí tí wọ́n ń fọn fún àwọn tó ń wọ orí àgbọ̀nrín jó káàkiri ìlú, ó le, ó sì ní eruku ẹsẹ̀ nínú. Kohei ló ń fọn ọ́. Kanae kò dúró.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá kan mi orí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìlà oòrùn." Ó sì padà wọlé.

Ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ni Kanae ti gbọ́ ìyókù. Bàbá Kohei ni afọnfèrè ìlú. Omi gbé e, ó gbé àbúrò Kohei, ó gbé ìyá rẹ̀. Wọ́n rí òkú àwọn ọkùnrin méjèèjì. Wọn kò rí ti ìyá.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Kanae bi í, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀.

"Eyín ń dùn mí. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lẹ́yìn òkè." Ó wo ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ tí kò bára mu. "Eyín kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n wà níhìn-ín."

Láti ọdún náà lọ, Kanae ń wá. Ẹgbẹ́ olórin náà ń kéré sí i bí ìròyìn Tomariura ṣe ń tán lẹ́nu ará ìlú ńlá. Afọnfèrè kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá, lẹ́yìn náà ọlọ́gìtá fẹ́ ọkọ ó bímọ. Kanae wá ń dá gbé koto rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó ń ṣeré nínú yàrá ìpàdé àwọn ilé pẹlẹbẹ, Kohei á fọn fèrè, Ìyá Hatsue á jókòó níwájú á máa sọ ẹni tó sùn àti ẹni tó ń díbọ́n pé òun sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ yóò padà sí Kyoto.

Ilé wọn ní Kyoto gùn, ó sì ṣókùnkùn. Àwọn koto dúró lóòró lẹ́bàá ògiri, a fi aṣọ wé wọn láti orí dé ẹsẹ̀, bí àlejò tí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó. Ìyá Kanae ti kú tipẹ́. Òun àti bàbá rẹ̀ ń jẹun ní kọjúsíra-wọn, wọ́n sì lè jẹ ẹ́ tán láìsọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ. Nígbà tí Kohei bá pè é lórí fóònù, òun náà kì í sọ púpọ̀. Á ní, "Afẹ́fẹ́ pọ̀ lónìí." Á ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi kọnkéré sétí omi. Láìpẹ́ a ò ní máa rí òkun láti ìsàlẹ̀." Kanae á gbé fóònù náà sétí títí yóò fi gbọ́ mímí rẹ̀, á sì ronú pé, èyí náà ni ìfẹ́ bí, àbí ìdánìkanwà méjì ló ń kí ara wọn?

Ìgbà kíkórè ewé òkun ni Kohei bi í. Iṣẹ́ tó mú lẹ́yìn ikú àwọn èèyàn rẹ̀ nìyẹn, ó ń gbin ewé òkun sára okùn nínú omi. Wọ́n dúró ti agbada omi híhó lẹ́bàá èbúté, èéfín bò wọ́n. Ewé náà ń ti inú òkun jáde bí awọ tó ti gbó, ṣùgbọ́n bí Kohei bá ti rì í sínú omi híhó báyìí, lójú ẹsẹ̀ ni yóò di àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀. Kanae kì í rí i kó má yà á lẹ́nu.

"O máa ń wò ó bíi pé idán ni," ni Kohei wí.

"Idán ni."

"Bí o bá dúró níhìn-ín, ọdọọdún ni wàá máa rí i." Ó fi igi ro agbada náà, kò gbójú sókè. "Mò ń bi ọ́ pé ṣé wàá dúró."

Kanae fi ọwọ́ lé èéfín kúrò lójú. "Orúkọ ta ni a ó máa jẹ́?"

Òfin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí tọkọtaya jẹ́ orúkọ ìdílé méjì. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀. Kanae nìkan ni bàbá rẹ̀ bí; ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọ ilé Orihara bí ọmọ, kó gba orúkọ wọn, kí ilé koto náà má parẹ́.

"Mo ti rò ó," ni Kohei wí. "Èmi ìbá jẹ́ orúkọkórúkọ nítorí rẹ. Orúkọ kò wúwo lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n ibojì ilé wa, ilé Usuzawa, wà lókè níbẹ̀ yẹn, èmi nìkan ló sì kù tí mò ń gbá a. Ìyá mi kò tíì dé ibẹ̀. Bó bá dé lọ́jọ́ kan, ó yẹ kó bá orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Kanae gbé ewé mìíràn fún un. Wọ́n jọ se ewé yòókù.

Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá náà ń da tíì. Ó da á tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti ń gbọ́ ọ," ó ní. "Wọ́n ní o ń fi *Òkun Àárọ̀* bá fèrè ìta jó."

"Ó bá a mu, Bàbá."

"Ajá pàápàá lè gbó lásìkò tí agogo ń lù, kó bá a mu." Ó gbé ife rẹ̀ sí i níwájú. "Apẹja ni?"

"Ewé òkun ló ń gbìn."

"Ó dára. Kó fi òkun sílẹ̀ kó wá. A ó kọ́ ọ níṣẹ́. Kó gba orúkọ wa, kó máa gbé níbí. Ṣé mo ti le jù?"

"Kò lè gba orúkọ wa."

"Ǹjẹ́ kò fẹ́ ọ tó."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹ lè jẹ́ Usuzawa?"

Bàbá rẹ̀ wò ó bí ẹni tí a sọ̀rọ̀ àìdáa sí níwájú òkú. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde, ó sì fa ilẹ̀kùn bébà náà dé lẹ́yìn ara rẹ̀ láìpariwo.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e kò ní ìtàn púpọ̀. Àwọn ẹbí mú ọkùnrin kan wá, ọmọ kejì ilé olówò tíì kan, ẹni tó ṣe tán láti gba orúkọ Orihara láìjanpata. Ó ṣèèyàn, ó jẹun bí ọmọlúàbí. Níwájú ọkùnrin náà, Kanae dà bíi koto tí wọ́n ti ṣa àwọn afárá rẹ̀ kúrò: okùn rẹ̀ pé, kò dún. Kanae ní òun kò fẹ́. Àwọn ẹbí kò mú ẹlòmíràn wá mọ́. Ní àárọ̀ kan ó rí irun funfun lára ìyarun rẹ̀, ó sì ronú pé bí òun bá bímọ méjì, ọ̀kan ìbá jẹ́ Orihara, èkejì Usuzawa, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àwọn mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ronú pé ìgbà tó yẹ kí irú èrò bẹ́ẹ̀ wá ti kọjá. Ó fọ ìyarun náà, ó gbé e sípò rẹ̀.

Kohei kò sọ fún un pé kó wá. Kò sì sọ pé kó má wá mọ́. Ohun tó ń dun Kanae jù nìyẹn.

Ìyá Hatsue ni ọ̀rọ̀ náà sú. Ní ìgbà ìwọ́wé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé Orihara nínú kìmónò dúdú tí ó yá, ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀. Nílé bíi tiwọn, ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ àti aya rẹ̀ ló ń ṣe alárinà ìgbéyàwó. Opó onílé-ìwẹ̀ kì í ṣe alárinà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bàbá Kanae kò lè lé arúgbó. Ó gbà á sí yàrá àlejò, wọ́n sọ̀rọ̀ ewé igi tó ń pọ́n, wọ́n sọ̀rọ̀ òtútù. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà fẹ́ kan ọ̀rọ̀ gan-an, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀nà yín jìn. Ṣé ẹ kò ní jẹ ìrẹsì díẹ̀ tí a bu tíì lé?"

Kò sí ọmọ Kyoto tí kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ń sọ fún àlejò pé kó dìde.

"Ẹ ṣeun gan-an," ni Ìyá Hatsue wí. "Ebi tilẹ̀ ń pa mí."

Kanae ní láti lọ sí ilé ìdáná lọ bu ìrẹsì. Kò sí àlejò tó gbà á rí, Kanae kò sì mọ abọ́ tó yẹ kí òun lò. Arúgbó náà jẹ ẹ́ kanlẹ̀, ó na abọ́ jáde. "Ó dùn. Ṣé ó kù?" Ó jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu.

"Mo mọ ohun tí ìrẹsì yín wí, Bàbá. Mo ṣe ìránṣẹ́ nílé ìgbàlejò kan nílùú yìí nígbà tí mo wà lọ́mọge. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọrọ ìyàwó, etí rẹ̀ máa ń di díẹ̀."

Ó tú ẹrù rẹ̀. Ewé òkun gbígbẹ ló wà níbẹ̀, àti ìgbín òkun tí wọ́n sá gbẹ, àti ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá tí oòrùn ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹrù ìdána ni, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ṣe ń gbé e. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Kyoto a máa fi okùn pupa àti wúrà dì í dáadáa. Ìwé ìròyìn ni Ìyá Hatsue fi di tirẹ̀.

"Nígbà tí ẹ ń gbé ìyá Kanae níyàwó, kí ni àwọn ẹbí yín gbé lọ sílé wọn?"

"Ohun tí gbogbo èèyàn ń gbé."

"Ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀. Mo ti dàgbà, mo máa ń gbàgbé."

Bàbá náà wo ẹrù náà. "Ewé òkun. Ìgbín òkun. Ẹja gbígbẹ."

"Kyoto kò sì ní òkun. Etí omi bíi tiwa ni ẹ ti ń rà á láti ìgbà àwọn baba ńlá yín. Omi wa ni ẹ fi ń so yìgì yín, Bàbá. Ó wá di ọjọ́ tí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi náà fúnra rẹ̀ wá, ó di pé ó ń rùn."

"Èmi kò sọ pé ó ń rùn."

"Kí ni ẹ wá sọ?"

Bàbá tún wo ẹrù náà. Kanae, tó gbé abọ́ dání lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò tíì gbọ́ kí ohùn bàbá òun kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. "Òkun ń pa èèyàn. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní ju ọmọ kan lọ."

Ìyá Hatsue tẹríba díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti wá sọ òótọ́ fún lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. "Ó pa ọkọ mi," ó ní. "Mo ṣì ń jẹ ẹja rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ǹ bá máa jẹ."

Bàbá kò gba ẹrù náà. Kò sì dá a padà. Ó gbé e sí àyè ọ̀wọ̀ nínú yàrá àlejò, níbi tí wọ́n ń fi àwòrán kọ́ sí, ó wà níbẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù, òórùn etíkun sì kún ilé Orihara. Òun àti Kanae kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìlú Tomariura ránṣẹ́ pé kí ọ̀gá ilé Orihara wá ṣí gbọ̀ngàn tuntun pẹ̀lú orin, ó ní òun yóò lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló to àwọn orin náà: òṣùpá, yìnyín, òdòdó.

"*Òkun Àárọ̀* ńkọ́, Bàbá?" ni Kanae bi í nínú ọkọ̀ ojú irin.

"Kò yẹ. Ó yẹ kéèyàn ro tiwọn." Ó yíjú sí fèrèsé. "Láti ọdún yẹn, mi ò tíì lè ta á dé òpin. Bí mo bá dé ibi tí ìgbì ti ń gòkè, ọwọ́ mi máa ń dúró."

Kanae kò mọ̀. Lábẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Báyìí ni ó ṣe jókòó sórí pákó kédárì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ta orin òṣùpá. Wọ́n ta orin yìnyín. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Bàbá gbọ́wọ́ sókè láti bẹ̀rẹ̀ orin òdòdó.

"Bàbá olùkọ́," ni ohùn kan wí láti ìjókòó iwájú. Ìyá Hatsue ni, ó fi ọ̀pá ti àgbọ̀n. "Ẹ má bínú. A ti gbọ́ òṣùpá tó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára dákẹ́. Bàbá Kanae gbé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. Ó wo àwọn èèyàn náà, àwọn arúgbó tí ojú wọn gbẹ, tí wọn kò wo ibòmíràn bí kò ṣe ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún àwọn afárá koto rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Kanae fi rí ipò tí ó ń tò wọ́n sí, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún tirẹ̀.

Wọ́n ta *Òkun Àárọ̀*. Nígbà tó dé ibi tí ìgbì ti ń gòkè, ọwọ́ bàbá dúró. Kanae náà dúró, nítorí pé ọ̀gá ló ń ṣáájú. Gbọ̀ngàn dákẹ́, wọ́n sì ń gbọ́ òkun gidi lẹ́yìn odi. Láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle, fèrè ọdún gbà á níbẹ̀. Kohei kò sáré. Ó gbé ìgbì náà gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú arúgbó lápá, ó dé òkè, ó sì dúró dè é. Bàbá tẹ̀lé e. Ó ṣi okùn kan tẹ̀, kò tún un ṣe. Ó ta á dé òpin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ní kí Kohei mú òun lọ sí ibojì Usuzawa. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun òkè lọ sẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Kohei da omi sórí òkúta náà, Kanae to òdòdó. Bàbá ka àwọn orúkọ tó wà lára òkúta náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì bèèrè èyí tó jẹ́ ti ìyá.

"Kò tíì sí níbẹ̀, sà," ni Kohei wí. "Mò ń dúró dè é."

Bàbá mi orí. Láti ibẹ̀ a lè rí òkun lókè odi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn wà lórí rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Kanae," ó ní, "máa jẹ́ Usuzawa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àgbà yóò gba ilé koto. Ó ti tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́ rí i." Ó kọjú sí Kohei. "Fèrè rẹ ga jù ní ìbẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má ṣe tún un ṣe."

Bàbá nìkan ló wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Kanae dúró ní ibùdókọ̀ títí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà fi wọ inú ihò òkè, ó sì ń ro ilé gígùn yẹn, àwọn koto tó dúró nínú aṣọ, àti abọ́ kan ṣoṣo tí yóò wà lórí tábìlì lálẹ́. Ayọ̀ tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá dé, kò sì pariwo. Ó jókòó tì í bí àlejò tó ti rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní ìwọ̀nba nínú gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọmọ, nítorí pé gbogbo wọn mọ bí ọjọ́ ti lọ sí. Bàbá kú ní ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wọ ibojì Orihara ní Kyoto lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà gba ilé koto, ó gba orin, ṣùgbọ́n ó ní ibojì òkú tirẹ̀ tó ń tọ́jú.

Gbèsè tó kù nílẹ̀ láti san kò lọ́jú pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn òkú ń padà wálé, Kanae àti Kohei gbọ́dọ̀ wà ní Tomariura, kí wọ́n gbá ibojì Usuzawa, kí wọ́n sì tan iná fún ìyá tí kò tíì dé. Nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kyoto, kí wọ́n gbá ibojì Orihara. Ibojì méjì, èèyàn méjì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ṣì gbé wọn, èyí ni gbèsè tí wọ́n jẹ, kò sì sẹ́lòmíràn tí yóò bá wọn san án.